Títa Ẹ̀rọ Ìṣègùn ní Nàìjíríà: Ọ̀nà Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Gbà Wọlé?

Kò sí ìdánwò ìjọba tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó lè máa ta ẹ̀rọ ìṣègùn ní Nàìjíríà. Ẹni tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ń tà á, nọ́ọ̀sì ń tà á, ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ewéko pàápàá ń tà á, ó sì ń rówó. Nígbà tí kò ti sí ẹnu ọ̀nà kan pàtó, olúkúlùkù ló ń júwe ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ wá sanwó kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á ní kẹ́ ẹ lọ gba ọjà láwìn ní Ìdí-Àràbà l'Èkó, kẹ́ ẹ máa gbé e kiri ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà nílé-iṣẹ́ òyìnbó á ní iṣẹ́ òyìnbó nìkan niṣẹ́, pé wàhálà nìyókù.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí à ń sọ. Ẹ̀rọ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọ̀wọ́ rọ́bà, síríńjì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì dé orí sikáànì CT tó ń gba odindi yàrá. Ọjà tí wọ́n ń lò dànù, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rà á. Ẹ̀rọ ńlá, wọ́n lè ra ẹyọ kan kí wọ́n má tún rà míì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń ta ti àkọ́kọ́ ń jẹun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta ìkejì lè gbààwẹ̀ oṣù mẹ́jọ kó tó jẹ àsè ẹyọ kan. Ẹ mọ èyí tí ikùn yín gbà kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí. Èló ni yóò jáde lápò yín kí náírà àkọ́kọ́ tó wọlé? Ìgbà wo lowó ń dé, ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé? Ta ni yóò kọ́ yín, ṣé ohun tí ẹ kọ́ á wúlò níbòmíràn tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀? Ilẹ̀kùn ta lẹ lè kàn lónìí tí wọ́n á ṣí i fún yín?

Lójú tèmi, ìkejì ló wúwo jù, òun gan-an sì làwọn èèyàn kì í béèrè. Ọsibítù ìjọba kì í ra ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀, Public Procurement Act, ti jáde lọ́dún 2007, ọjà ńlá gbọ́dọ̀ gba tẹ́ńdà kọjá: wọn á polówó ẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ á fi ìwé sílẹ̀, ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí, àwọn ọ̀gá á buwọ́ lù ú, lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tó gba LPO, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ kó ọjà wá. LPO kì í ṣe owó o. Ẹ ó ṣì kó ẹ̀rọ lọ, ẹ ó gbé e kalẹ̀, ẹ ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọn á fọwọ́ sí i pé ọjà ti pé lọ́wọ́ àwọn, kí fáìlì yín tó dé ọ̀dọ̀ akawó. Bí àwọn dókítà NARD tàbí àwọn òṣìṣẹ́ JOHESU bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, fáìlì á sùn síbi tó bá wà. Ọsibítù aládàáni máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn náà á bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn máa san án díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè iye kọ́mísọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò máa bọ́ yín títí kọ́mísọ́n á fi dé. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ya àwọn ọ̀nà márààrún sọ́tọ̀ sí ara wọn.

Ọ̀nà kìíní: ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá

Orúkọ tí ẹ máa ń rí lára ẹ̀rọ nínú àwọn ọsibítù ńlá wa kò pọ̀: GE HealthCare, Siemens Healthineers, Philips, Mindray ti Ṣáínà, àti nínú láàbù, Roche àti Abbott. Àwọn kan nínú wọn ní ọ́fíìsì l'Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà wọn ló ń gba ọwọ́ alágbàtà tí wọ́n fún níwèé àṣẹ.

Tẹ́ ẹ bá ráyè wọlé síbẹ̀, kò ní sí owó kankan tí yóò jáde lápò yín. Owó oṣù dúró sójú kan, ọkọ̀ tàbí owó epo wà, ilé-iṣẹ́ ló sì ń san owó ẹ̀kọ́. Wọ́n lè rán yín lọ sí Dùbáì tàbí Jámánì láti lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ kan ṣoṣo títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo kà sí ire ńlá fún ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: òfin FCPA ti Amẹ́ríkà tó lòdì sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tó ti wà láti 1977, àti Bribery Act ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 2010, ń tẹ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò láwọn orílẹ̀-èdè yẹn dé ibikíbi tí wọ́n bá lọ. Bí ẹnì kan bá fojú ṣe é pé òun ń retí egúnje, ẹ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé wọ́n máa lé yín níṣẹ́ tẹ́ ẹ bá san án. Ẹni tó ń dá ṣe tirẹ̀ kò ní àpáta tó lè sá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà náà fún. Ìpolówó wọn sábà máa ń béèrè díńgírì sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọdún bíi mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ títà, àti ìwé-ìwakọ̀. Àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ khaki kì í sábà rí ibẹ̀ wọ̀, àyàfi tí wọ́n bá ṣí ètò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé òyìnbó kì í lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn ti Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn kò ní ta oògùn ní Nàìjíríà fúnra àwọn mọ́, alágbàtà ni yóò máa bá àwọn tà á. Oògùn nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ, àmọ́ ọ̀ràn dọ́là tó ń fún àwọn olóògùn lọ́rùn kò yọ àwọn ẹlẹ́rọ sílẹ̀. Kí Banki Àpapọ̀ tó jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦470. Kó tó di òpin oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní $20,000, tó ń jẹ́ ₦9.4 mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀, di ₦30 mílíọ̀nù, kò sì sí bọ́tìnì kan tí wọ́n fi kún un. Náírà ni ọsibítù fi kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, dọ́là ni ọ̀gá yín l'òkè òkun fi kọ táàgẹ́ẹ̀tì yín. Ẹni tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀yin ni.

Ọ̀nà kejì: alágbàtà ọmọ ilẹ̀ wa

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ìlúpéjú, àti ní Ìbàdàn náà: ilé-iṣẹ́ tí kò ju èèyàn mẹ́wàá sí ọgọ́ta lọ, tó ń ta ọjà ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà láti Ṣáínà, Kòríà, Íńdíà àti Yúróòpù. Wọn kì í wo ìwé-ẹ̀rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀, tí kò tijú, tó lè wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì padà pẹ̀lú ìròyìn tó nítumọ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ.

Owó oṣù ibẹ̀ kéré. Kọ́mísọ́n ló ń gbé e ró. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì gbòòrò ju ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó lọ, torí gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n máa kó lé yín lórí: ẹ ó mọ bí ọjà ṣe ń jáde ní Àpápá, ẹ ó mọ ìwé tí tẹ́ńdà ń béèrè, ẹ ó di okùn iná mọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà akawó títí á fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn ọdún méjì níbẹ̀, ẹ ti mọ iṣẹ́ náà láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ètò kan tó jẹ́ òpó iṣẹ́ fún àwọn tó ń ta ẹ̀rọ láàbù, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò mọ ibi tówó wà. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wọ́n, láàbù kékeré ní Ọ̀ṣogbo kò lè rà á lówó kan ṣoṣo. Nítorí náà, alágbàtà á gbé ẹ̀rọ náà fún wọn láìgba kọ́bọ̀, láàbù á sì tọwọ́ bọ ìwé pé láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn á máa ra reagent, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, ní iye báyìí lóṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ẹ̀rọ ti wà nínú owó reagent. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í gba reagent ilé-iṣẹ́ míì, láàbù ti di oníbàárà yín nìyẹn.

Ó dùn ún gbọ́ létí, torí kọ́mísọ́n kékeré ń wọlé lóṣooṣù. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí aláìsàn ò bá pọ̀ tó, bí iná bá lọ tí reagent tó yẹ kó wà nínú fíríìjì gbóná, bí ọ̀gá láàbù bá kúrò tí ẹni tuntun sì ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn, iye tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lé lórí kò ní pé. Alágbàtà á wá bi yín pé: ta ló ní ká gbé ẹ̀rọ síbẹ̀? Ìdí nìyí tí rẹ́ẹ̀pù gidi, ìyẹn ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ta ọjà, fi máa ń ka ìwé àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí láàbù ti ṣe sẹ́yìn kó tó fẹnu sí i pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún wọn. Kò gbẹ́kẹ̀ lé iye tí onílàábù bá fẹnu sọ; ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí ló ń béèrè, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ kà á.

Ohun tí yóò ṣèdíwọ́ lọ́nà kejì yìí ni ọ̀gá tí kì í san kọ́mísọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ìgbà tí mo bá gba LPO ni kọ́mísọ́n mi ń jáde, àbí ìgbà tí owó bá wọlé? Tí mo bá kúrò kí owó tó wọlé ńkọ́? Ta ló ń san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura? Àwọn ọjà yìí, ṣé wọ́n ní nọ́ńbà NAFDAC? Láti 1993 ni òfin ti dá NAFDAC sílẹ̀, ẹ̀rọ ìṣègùn sì wà lára ohun tí wọ́n ń bójú tó. Ohun èlò àyẹ̀wò inú láàbù tún ní àjọ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù, lórí. Ẹni tó bá ń ta ọjà tí kò níwèé, orúkọ ẹni tó gbé e wọ ọsibítù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá a wá.

Tí wọ́n bá ń yí ìdáhùn po, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Ọ̀nà kẹta: láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ

Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni mò ń sọ. Unilag, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan sì wà ní LUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa ṣàtúnṣe ẹ̀rọ ọsibítù. Owó tó ń jáde lápò yín níbí ni owó ilé-ìwé àti ọdún tí ẹ fi kà á. Kò kéré. Àmọ́ ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀ ti san owó rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọsibítù aládàáni kan pè pé ẹ̀rọ ultrasound àwọn ń kú fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà dé, kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó fi mítà wọn iná ara ògiri: 170 fóltì péré, iná ò tó. Ó wo ẹ̀yìn tábìlì, ó rí i pé wọ́n ti yọ sitebiláísà, wọ́n ti gbé e lọ fún fíríìjì inú ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó dá a padà, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Kò gba ju owó ìpè lọ. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, dókítà tó ni ọsibítù ní: "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì. Èwo lẹ rí i pé ó lè pẹ́ fún wa?" Rẹ́ẹ̀pù mẹ́ta lè ti gbé ìwé aláwọ̀ mèremère dé tábìlì dókítà yẹn lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dá sitebiláísà padà ló máa wọ̀ ọ́ létí.

Èyí ni agbára ọ̀nà kẹta. Owó oṣù ẹnjiníà dúró sójú kan, ìmọ̀ rẹ̀ ṣeé gbé lọ síbikíbi, ilẹ̀kùn ọsibítù kì í tì mọ́ ọn. Ibi tó kù sí ni ẹnu. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tí mo mọ̀ kórìíra kí wọ́n béèrè owó. Wọ́n á fi wákàtí kan ṣàlàyé bí transducer ṣe ń ṣiṣẹ́ fún akawó tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà á san gbèsè ara rẹ̀ láàárín ọdún kan. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yìí, ẹ̀kọ́ tó kù fún yín kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó: aláìsàn mélòó lóòjọ́, èló ni sikáànì kan, èló ni jẹ́lì àti dísẹ́lì, ìgbà wo lowó ẹ̀rọ padà dé.

Ọ̀nà kẹrin: láti inú wọ́ọ̀dù tàbí láàbù

Nọ́ọ̀sì, onímọ̀ láàbù àti ẹni tó ń ya fọ́tò X-ray lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Application specialist ni wọ́n ń pe ipò náà níbi iṣẹ́. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, kọ́mísọ́n wọn kò tó ti rẹ́ẹ̀pù, ìrìn wọn sì pọ̀ gan-an. Ọjọ́ Ajé Ilé-Ifẹ̀, Ọjọ́rú Àkúrẹ́, Ọjọ́ Ẹtì Èkó.

Mo ka ọ̀nà yìí sí èyí táwọn èèyàn fojú tín-ín-rín jù, tó sì yẹ kí wọ́n fojú sí jù. Mónítọ̀ tuntun, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ara aláìsàn tó sì ń ké bí nǹkan bá yí padà, dé wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà débẹ̀, ẹ bá a pé wọ́n ti pa ohùn gbogbo mónítọ̀ náà. Rẹ́ẹ̀pù tí kò ṣe nọ́ọ̀sì rí á sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa á, ewu ni. Òótọ́ ni, kò sì ní yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ alẹ́ rí á kọ́kọ́ lọ wo ìka aláìsàn: ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ti yọ́ kúrò níbẹ̀, torí náà ẹ̀rọ ń ké láìnídìí, nọ́ọ̀sì méjì ló sì ń tọ́jú wọ́ọ̀dù odindi. Á tún ohun náà so dáadáa, á bá wọn ṣètò ìwọ̀n tí ẹ̀rọ á fi máa ké kó lè bá irú aláìsàn tó wà níbẹ̀ mu, á sì sọ fún àgbà nọ́ọ̀sì pé, "Mà, ẹ jẹ́ ká dán an wò títí di àárọ̀." Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí aláìsàn sì sùn, wọ́ọ̀dù kejì á béèrè irú rẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀sì ìtajà kan tó ń kọ́ni níyẹn.

Ohun tó ń jáde lápò níbí kì í ṣe owó ọwọ́. Ẹni tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì àti ìgbéga sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tún láísẹ́ńsì yín ṣe bó ti yẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ tán, torí ọ̀nà àbọ̀ dára kó máa ṣí sílẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní ọsibítù ń retí lọ́dọ̀ yín lè yí padà. Ẹni tó ń pè yín ní "sístà" lánàá lè máa béèrè lónìí pé kí lẹ mú wá fún òun.

Ọ̀nà karùn-ún: dídá ṣe tara ẹni

Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, ẹ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, ẹ tún un tà. Wọ́n á sọ fún yín pé kò gba owó. Irọ́ ni. Owó ló máa ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ gba LPO mónítọ̀ márùn-ún, ₦1.2 mílíọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦6 mílíọ̀nù lápapọ̀. Ẹ rà wọ́n ní ₦5.1 mílíọ̀nù, èrè yín jẹ́ ₦900,000. Ó dùn. Àmọ́ ẹ yá ₦5.1 mílíọ̀nù náà ní èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦204,000. Tí ọsibítù bá sanwó lóṣù kejì, ẹ jèrè ₦492,000. Tó bá di oṣù kẹrin, ó ku ₦84,000. Tó bá di oṣù karùn-ún, ẹ ti jẹ gbèsè ₦120,000, a ò sì tíì ka owó ọkọ̀, owó ìgbékalẹ̀ àti owó-orí tí wọ́n máa yọ. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa, oníbàárà dúpẹ́, ẹ̀yin wọ gbèsè.

Ẹni tó ń ta ìbọ̀wọ́, síríńjì àti ohun tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ara fún àwọn ilé ìwòsàn kékeré àti ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ń sanwó lọ́wọ́ lọ́wọ́ kò ní bọ́ sínú pańpẹ́ yìí. Èrè orí ẹyọ kan kéré, àmọ́ owó ń yípo. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà karùn-ún lẹ fẹ́ gbà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí tẹ́ńdà ìjọba títí owó yín á fi lè sùn nílé oníbàárà fún oṣù mẹ́fà láìpa yín lára.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọsibítù aládàáni ló ń rà á, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò dáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan tòkunbọ̀ X-ray, ẹ mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ń tú ìtànṣán jáde wà lábẹ́ NNRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìtànṣán, ìwé àṣẹ wọn sì pọn dandan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣe páàtì rẹ̀, àti bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnjiníà fi ń wọ inú rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ tó bá kú, ó kú pátápátá nìyẹn, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa pè.

Kọ́ọ̀sì àti ìwé-ẹ̀rí

N kò kà á mọ́ àwọn ọ̀nà torí kì í gbé ẹnikẹ́ni débì kankan lóun nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni wà tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa ta ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ. Ọjà ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, rẹ́ẹ̀pù tó ń ta irin tí wọ́n fi ń to egungun máa ń dúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ìdánwò ABPI ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kan ń polówó, ti àwọn tó ń ta oògùn ni. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní London àti Manchester tó fẹ́ yí sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ kò nílò rẹ̀; ìrírí wọn nínú NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ló máa ta ìwé wọn.

Èyí tó kàn yín nílé: ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó dára jù ni ẹ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Medtronic Academy àti ìkànnì ẹ̀kọ́ Siemens Healthineers wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ìlànà NAFDAC lórí ẹ̀rọ ìṣègùn wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ kà á, torí àwọn rẹ́ẹ̀pù tó ti kà á kò pọ̀. Dípò kẹ́ ẹ san owó ńlá fún kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi owó náà kọ́ mọ́tò wíwà, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kù wọkọ̀ lọ sí ìpàtẹ Medic West Africa tí wọ́n ń ṣe l'Èkó lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ti wá ń pè ní WHX Lagos. Àwọn alágbàtà tí ẹ ń fi ìwé ránṣẹ́ sí láìrí èsì máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn yín, ẹ béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání lórí iná àti páàtì, ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba èèyàn.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, tí kò lówó nílẹ̀, tí òbí rẹ̀ ò sì lè máa bọ́ ọ: ọ̀nà kejì, kó sì yan alágbàtà tó ń san owó oṣù gidi, kódà bí kọ́mísọ́n rẹ̀ bá kéré. Ilé-iṣẹ́ tó ní kẹ́ ẹ wá ṣiṣẹ́ fún kọ́mísọ́n nìkan lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń fi owó yín kọ́ ara yín níṣẹ́ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ láàbù tó ti lo ọdún bíi mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́: ọ̀nà kẹrin, láìjanpata. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ lè yí sí títà gan-an tó bá wù yín, orúkọ yín á sì ti ṣáájú yín dé ọ̀pọ̀ ọsibítù.

Ẹnjiníà kó dúró lọ́nà kẹta, kó wá ilé-iṣẹ́ tó máa jẹ́ kó bá rẹ́ẹ̀pù jáde lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ya ẹ̀ka àtúnṣe àti ẹ̀ka ìtajà sọ́tọ̀ débi pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ ohun tó kù sí yín.

Ẹni tó ti ta nǹkan míì rí, oògùn, ìbánigbófò tàbí ọtí pàápàá, tó ní ẹ̀rí pé òun máa ń pé táàgẹ́ẹ̀tì, kó máa gbìyànjú ọ̀nà kìíní. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ lo ọdún méjì lọ́dọ̀ alágbàtà tó ń ta ọjà ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń mú èèyàn.

Ọ̀nà karùn-ún wà fún ẹni tó ti wà nínú iṣẹ́ yìí fún bí ọdún márùn-ún, tó mọ ọsibítù tó ń sanwó àti èyí tí kì í san, tó sì lówó tí kì í ṣe èlé. Ẹni tí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi dandan lé e pé òun á dá ṣe é, kó má ta ohunkóhun tó bá nílò kí wọ́n dì í mọ́ iná.